Ààrò Mẹ́sàn-án Lábẹ́ Dígí Bàbá Ọlálérè

Ọjọ́ Àìkú, 20 Júùnù 1971

Òjò láti àná. Ṣọ́ọ̀ṣì kò kún. Lẹ́yìn ìsìn, Ọ̀gbẹ́ni Akínwùmí, ọ̀rẹ́ ọkọ mi, bá wa délé. Òun àti Ọlálérè ọmọ mi jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ọ́gọ́ọ́sì, tí Bàbá Ọlálérè yóò pé ọdún kan tó ti lọ, tí a bá ti ṣe ìrántí rẹ̀ tán, kí a wó ahéré ẹ̀yìn ilé, kí a kọ́ yàrá méjì síbẹ̀ fún ayálégbé. Awò gígùn tí ọkọ mi fi í wo ojú ọ̀run, kí a tú pákó rẹ̀ dáná. Dígí inú rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Akínwùmí ní òun yóò gbé e lọ fi ṣe ojú tábìlì.

Ó ní, "Ìyá Ọlálérè, ẹ má bínú. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ ra gíláàsì yẹn lọ́wọ́ àwọn tó ń tú ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá. Ṣùgbọ́n dígí náà ti wọ́. Gbogbo ìràwọ̀ tí a bá fi wò ló ń yọ igun mẹ́ta. Bàbá Ọlálérè gbìyànjú. Ó kàn kù díẹ̀ ni."

Mo ní, "Ó kù díẹ̀ níbo?"

"Ní ọwọ́ rẹ̀."

Mo gbé tíì rẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀ kí ó tó mu ún tán.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Júùnù

Kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ti àwọn àgbà nírọ̀lẹ́. Josephine, ọmọ Ọlálérè, ni tíṣà wa. Nínú ilé, òun ló ń kúnlẹ̀ kí mi. Ní kíláàsì, èmi ni mo ń dìde kí i: "Ẹ káalẹ́, Tíṣà." Lónìí ó fi yíǹkì pupa kọ "Ó dára" sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ mi. Mo fi han Uzoamaka, ayálégbé wa tó ń rán fìlà obìnrin. Mo fi han obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì. Mo fi han ẹni tí kò bèèrè. Ọmọ ọmọ mi ló ń kọ́ mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ bínú, kó bínú.

Bí a ti ń bọ̀ wálé mo sọ ọ̀rọ̀ ojú tábìlì fún un. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ràn dígí yẹn tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní kì í ṣe dígí. Ọdún mẹ́ta ni bàbá rẹ̀ àgbà fi ń rìn yí dúrọ́ọ̀mù ká lẹ́yìn ilé wa, tó ń fi gíláàsì lọ gíláàsì lórí rẹ̀ pẹ̀lú omi àti iyẹ̀pẹ̀ olójú wẹ́wẹ́, tí àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ dúró létí ọgbà tí wọ́n ń kọrin pé, "Bàbá ti ya, dúrọ́ọ̀mù ló fẹ́." Ó lọ ọ́ tán, wọ́n fi fàdákà kun ojú rẹ̀, ó sì kú ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé e sínú awò. Kò fi wo ìràwọ̀ kan. Bí dígí yẹn bá di ojú tábìlì, orin àwọn ọmọ yẹn ló borí.


Ọjọ́ Àìkú, 27 Júùnù

Ojú ọ̀run là fún bíi wákàtí kan lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́. Èmi àti Josephine ti awò náà jáde nínú ahéré. Àpótí pákó ni, ó ga jù mí lọ. Dígí jókòó nísàlẹ̀ rẹ̀ lórí irin tí Ọ̀gbẹ́ni Akínwùmí fúnra rẹ̀ gé tó sì jó pọ̀: irin roboto kan, apá mẹ́ta, orí apá kọ̀ọ̀kan ní èékánná irin tó gbá etí dígí mú.

Mo gun àpótí ìjókòó kan, mo fi ojú sí ihò awò lókè. Igun mẹ́ta. Ọ̀kan lókè, méjì nísàlẹ̀, bí ewé tí ewúrẹ́ fi eyín yà. Mo wo òmíràn, bákan náà. Ọ̀gbẹ́ni Akínwùmí kò parọ́.

N kò lè jẹun.


Ọjọ́bọ̀, 1 Júláì

Mo gbé ẹ̀wà kaná. Ìkòkò ń dà sí apá kan, omi ń ṣàn sínú iná. Mo ṣe ohun tí ìyá mi kọ́ mi ní Ìjẹ̀bú nígbà tí a ń yan gàrí: má bú ìkòkò, má bú ààrò, yí ìkòkò ká. Bí ibi tó dà sí bá tẹ̀ lé ìkòkò, ìdí ìkòkò ló wọ́. Bí ó bá dúró sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ààrò ló ní ẹ̀bi.

Mo yí i. Ọwọ́ mi sì dúró sórí afẹ́fẹ́.

Mo pariwo pe Josephine. Ẹ̀wà jóná díẹ̀. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.


Ọjọ́ Àìkú, 4 Júláì

Ọjọ́ tí n ó rántí nìyí.

A fi ẹfun kíláàsì sàmì sí etí dígí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná irin tó wà lókè. Josephine wo ìràwọ̀, ó ya igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bébà: ọ̀kan lókè, méjì nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà a tú èékánná, a yí dígí títí àmì ẹfun fi dúró ní agbedeméjì èékánná méjì, a tún dè é. Bí ó bá jẹ́ dígí ló wọ́, igun tó wà lókè á ti kúrò lókè, á ti di méjì lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.

Josephine gun àpótí. Ó fi ojú sí i.

"Màmá. Ọ̀kan lókè. Méjì nísàlẹ̀."

"Tún un wò."

"Mo ti tún un wò. Kò yí."

Ìkòkò kò ní ẹ̀bi. Ààrò ni.

Mo jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín. Uzoamaka sáré jáde pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Mama! Wetin happen? You fall?"

Mo ní, "I no fall. Na dem fall."


Ọjọ́rú, 7 Júláì

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé Ọ̀gbẹ́ni Akínwùmí ní Àpápá. Ó ń gé òdòdó. Mo sọ bí a ṣe yí dígí, mo sì fi bébà Josephine hàn án. Ó wò ó, ó dá a padà.

"Irin mi?" ó ní. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gé irin ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Ìyá Ọlálérè, ẹ̀yin tí ẹ ń yan gàrí ni ẹ fẹ́ wá kọ́ mi ní irin?"

"Èmi tí mo ń yan gàrí ni."

"Ẹ dákun. Ẹni tí kò mọ ijó ní í bú ilẹ̀."

Mo ní, "Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ilẹ̀ náà kò tẹ́jú. Ẹ gbé àpò dání wá sí ìrántí. Bí ìràwọ̀ bá ṣì ní igun lọ́jọ́ náà, èmi fúnra mi ni n ó bá yín ru dígí náà dé orí tábìlì yín. Bí kò bá ní, ẹ ó sọ ohun tí ẹ rí níwájú gbogbo ẹbí, ní ohùn tí wọ́n á gbọ́."

Ó ní ó dára. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun kọ́ ni mo ń bá jà, ọkùnrin rere ni. Ó sunkún níbi òkú ọkọ mi ju àwọn àbúrò rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fi irin ara rẹ̀ bo ọwọ́ òkú mọ́lẹ̀ tí n ó máa gbé tíì fún.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Júláì

A tú èékánná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ti gbá dígí mú débi pé ipa rẹ̀ wà létí gíláàsì. Nígbà tí a dẹ̀ ẹ́, igun ìràwọ̀ kéré sí i. Mo fẹ́ máa jó. Ni Josephine bá tẹ awò síwájú, a sì gbọ́ "gbì" nínú àpótí awò. Dígí ti yẹ̀ kúrò ní ipò. Ọpẹ́ ni pé kò fọ́.

Ẹ̀rù ló mú mi ṣe ohun tí mo ṣe. Mo wọlé mú ọ̀já tí mo fi pọn Ọlálérè, mo sì dì í mọ́ ìdí dígí, mo fà á le, mo ta á ní kókó méjì. Mo ní ohun tí ọ̀já bá dì kì í já bọ́.

A tún wò. Ìràwọ̀ ti gùn bí èèpo ẹ̀wà.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́, mo sì mọ̀ ọ́n lórí: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Èmi ni mo ń bínú sí èékánná Akínwùmí, èmi náà ni mo wá fi ọ̀já fún ọmọ lọ́rùn.


Ọjọ́bọ̀, 15 Júláì

Òjò. Òjò. Òjò. Omi wọ yàrá Uzoamaka dé kókósẹ̀. A gbé fìlà mẹ́rìndínlógún sórí bẹ́ẹ̀dì mi.


Ọjọ́ Àìkú, 18 Júláì

N kò gbọ́ ìwàásù lónìí. Olúwa á dárí jì mí. Agbada ìyá mi ni mo ń rí.

Agbada gàrí tó ti pẹ́, ìdí rẹ̀ á fẹ́lẹ́. Bí o bá gbé e ka òkúta mẹ́ta lásán, ibi tí òkúta wà á dúró, ibi tí kò sí òkúta á tẹ̀, gàrí á sì máa jó lójú kan. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ la sọ, a kò sọ ohun tó fẹ̀ tó sì fẹ́lẹ́. Dígí ọkọ mi fẹ̀ ní íǹṣì méjìlá, ó nípọn ní íǹṣì kan péré. Agbada ni, kì í ṣe ìkòkò. Ìwúwo ara rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́.

Kí ni ìyá mi ṣe? Ó wá àpáàdì mẹ́ta, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lé orí òkúta kọ̀ọ̀kan, kò sì fi ẹrẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Àpáàdì á máa mì títí agbada á fi jókòó lé e. Tó bá ti jókòó, igun mẹ́ta àpáàdì kọ̀ọ̀kan á ti kan ìdí agbada, òkúta mẹ́ta á di ìdí mẹ́sàn-án, bí ààrò mẹ́sàn-án, kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ ju èkejì lọ.

Mo sọ ọ́ fún Josephine lójú ọ̀nà. Ó dúró láàárín títì. Àwọn tó ń bọ̀ láti Kirikiri ń fun fèrè mọ́ wa.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Júláì

Àríyànjiyàn pẹ̀lú Tíṣà. Ó ní bí ó bá jẹ́ ìdí mẹ́sàn-án ni dígí nílò, kí a kan ìṣó mẹ́sàn-án mọ́ pákó kan, kó parí. Mo ní kó wá ti tábìlì ilé ìdáná. Ó tì í, ó ń mì. Mo ní kó ti àpótí ìjókòó mi tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Kò mì.

"Tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò lè fi gbogbo ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀," mo ní. "Ìṣó mẹ́sàn-án ńkọ́? Mẹ́ta péré ni yóò ru dígí. Mẹ́fà yòókù á máa wòran."

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, Tíṣà," ó ní. Mo gbádùn ìyẹn ju bó ti yẹ lọ.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Júláì

Níbo ni ìdí mẹ́sàn-án yóò wà? Ìyẹn la fi ọ̀sẹ̀ yìí ṣe. A gé páálí roboto kan tó fẹ̀ bí dígí. Josephine ṣírò, ó pín in sí ọ̀nà mẹ́sàn-án tó dọ́gba: mẹ́ta láàárín, mẹ́fà létí. Ó ní ìwọ̀n wọn dọ́gba. Mo ní ìṣirò dára, òṣùwọ̀n dára jù. A gé wọn sọ́tọ̀, a fi wọ́n sórí òṣùwọ̀n tí Uzoamaka fi í wọn òwú. Méjì wúwo díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, a fi sísọ́ọ̀sì rẹ́ wọn.

Lẹ́yìn náà mo gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ẹnu abẹ́rẹ́. Ibi tí páálí bá ti dúró tí kò ṣubú, ibẹ̀ ni ìdí rẹ̀. Mo fi yíǹkì pupa Josephine sàmì sí i. A to wọ́n padà, a sì rí i: ojú mẹ́sàn-án tó ń wò mí, mẹ́ta nínú, mẹ́fà lóde. Ọ̀kan inú pẹ̀lú méjì òde di irin onígun mẹ́ta kan. Irin mẹ́ta. Àpáàdì mẹ́ta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jókòó lórí ìṣó olórí roboto kan ṣoṣo, láàárín gbùngbùn ara rẹ̀, yóò sì máa mì.

Gàrí ti wọ́n. Kóńgò kan gbówó lé láti ọjọ́ Ajé, obìnrin náà ní òjò ni. Òjò ló ń ta gàrí nísinsìnyí.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Júláì

Mo gbé páálí lọ bá Gbàdàmọ́sí jórinjórin. Ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ gbé lé e?"

"Dígí."

"Dígí ìwojú? Ẹ̀yin náà, ní ọjọ́ orí yín?"

Mo ní kó má ṣe jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ọjọ́ orí tirẹ̀. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.


Ọjọ́ Ajé, 2 Ọ́gọ́ọ́sì

Irin ti dé. Uzoamaka gé aṣọ nínípọn tó fi ń ṣe fìlà, ó gé e roboto bíi bọ́tìnnì mẹ́sàn-án, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Ó ní fìlà aya bíṣọ́ọ̀bù ló yẹ kí aṣọ yẹn jẹ́.

Nípa èékánná etí irin tuntun náà: a ò ní jẹ́ kó gbá dígí mú bíi ti àtijọ́. Yóò wà níbẹ̀ bí ìyá tó na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, kò dì í mú, kò sì jìnnà. Àlàfo tó tó bébà kan. Mo ya ojú ewé kan nínú ìwé yìí láti fi wọ̀n ọ́n. Bí ojú ewé bá ń kọjá láìfà ya, ó tó.

Ní ọ̀sán, lọ́rí kan da yanrìn sẹ́yìn ilé. Ọlálérè ló rán an, ọjọ́ méjìlá ṣáájú ìrántí! Mo lọ jókòó sórí yanrìn náà. Nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́, mo ṣì wà níbẹ̀.

"Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Orí yanrìn ni mo jókòó sí. N kò jókòó lé orí rẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi pẹ̀lú táì lọ́rùn. "Màmá, ẹ ò mọ̀ ni. Ní ọ́fíìsì, títí di òní, ọmọ Bàbá Dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè mí. Mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Kí n máa rí yàrá ayálégbé tí mo bá bojú wẹ̀yìn."

Mo ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi. Ìdí tí mo fi jókòó nìyẹn."

Kò fi ọwọ́ kan yanrìn náà mọ́. Èmi náà dìde, nítorí ẹsẹ̀ mi ti kú.


Ọjọ́ Ẹtì, 6 Ọ́gọ́ọ́sì

Òjò ti sinmi bí ó ti í sinmi nínú oṣù yìí. Òṣùpá yọ, ara rẹ̀ kò pé. Kí aago mẹ́jọ tó lù, ó ti pọ́n bí epo, ìràwọ̀ pupa ńlá kan sì wà nítòsí rẹ̀, èyí tí Josephine ń pè ní Máàsì. Ajégúnlẹ̀ dàrú. Agolo, abọ́, ìdérí ìkòkò, gbogbo wọn ń dún. "Òṣùpá ń kú o! Ẹ jáde!" Àwọn Mùsùlùmí wà ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń kírun. Uzoamaka ń lu àwo tíì.

"Mama, come beat something now!"

Mo ní, "Ẹ bá mi lù ú. Mo níṣẹ́." Josephine ti ní òjìji ayé wa ló bò ó, yóò là. Bí òṣùpá ti ṣókùnkùn yẹn, ojú ọ̀run dúdú fún mi, èmi dúpẹ́ ni.

Dígí ti wà lórí àpáàdì mẹ́ta. Mo wo ìràwọ̀ kan. Igun mẹ́ta ti lọ! Ṣùgbọ́n ìrù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíi ti lègbénlègbé. Ó wà níbẹ̀ lójú ìràwọ̀ gbogbo, ẹ̀gbẹ́ kan náà.

A gbé dígí kúrò. Mo fi ìka tẹ àpáàdì kìíní, ó mì. Mo tẹ èkejì, ó mì. Mo tẹ ẹ̀kẹta.

Gbàdàmọ́sí!


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Ọ́gọ́ọ́sì

Mo ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó tó ṣí i.

"Ìyá, ẹ káàárọ̀. Ẹ rí òṣùpá àná?"

"Gbàdàmọ́sí, kí ló dé tí ọ̀kan nínú irin mi kò mì?"

Ó wolẹ̀. "Ìyá, ó ń mì jìgìjìgì ni. Mo wò ó, mo ní ẹni tó bá rí i á ní iṣẹ́ Gbàdàmọ́sí kò dúró. Mo kàn fi iná jó o mọ́ ìṣó rẹ̀ lábẹ́ díẹ̀. Mo fẹ́ jó méjì yòókù náà, ẹ ti dé wá gbé e."

"Ta ló ní kó dúró?"

"Irin ni, mà! Irin tó bá ń mì, ìtìjú jórinjórin ni."

"Ọrùn rẹ ńkọ́, ṣé kò mì? Bí mo bá gba iná yẹn lọ́wọ́ rẹ, tí mo fi jó ọrùn rẹ mọ́ èjìká, kó má bàa dójú tì ọ́, ṣé wàá lè wo ọ̀tún wo òsì?"

Àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe lódìkejì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó fi ayùn gé e, ó sì fi sáńpépà dán orí ìṣó náà títí ó fi ń tàn. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tó sì mì, ó ṣe ojú bí ẹni pé eyín ń dùn ún.

Ó ní, "Ìyá, tí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ má sọ pé èmi ni."

Mo ní n ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti kọ ọ́.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Ọ́gọ́ọ́sì

Àwọsánmà láti ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Ọlálérè bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo jẹun.


Ọjọ́rú, 11 Ọ́gọ́ọ́sì

Ìràwọ̀ rí roboto.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Ọ́gọ́ọ́sì

Ìsìn ìrántí ní aago mẹ́wàá. Wọ́n ka orúkọ rẹ̀. Ẹbí wá láti Ìjẹ̀bú, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Ọ̀gbẹ́ni Akínwùmí dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú àpò ìdọ̀họ tó ká sábẹ́ abíyá. Ọkùnrin tó ń mú àdéhùn ṣẹ ni.

Ní aago mẹ́jọ, àwọsánmà wà níbi gbogbo. Àbúrò ọkọ mi kan yán, ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé ojú ọ̀run náà ni a óò máa wò?" Mo ní bí ó bá rẹ̀ ẹ́, kó wo ilẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ojú ọ̀run là láti apá gúúsù.

N kò fi Máàsì han Ọ̀gbẹ́ni Akínwùmí ní àkọ́kọ́. Ohun tó bá tóbi lè fi ẹwà bo àbùkù. Ìràwọ̀ kékeré kan ṣoṣo ni mo ní kí Josephine dojú awò kọ, nítorí kò ní ibi tó lè fi igun pamọ́ sí.

"Ó yá, Ọ̀gbẹ́ni Akínwùmí."

Ó gun àpótí. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi ojú sí i. Ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gùn ún.

Ó ní, "Kò ní igun."

Mo ní, "Wọn kò gbọ́ yín lẹ́yìn lọ́hùn-ún."

Ó yíjú sí ẹbí. Ohùn rẹ̀ ròkè. "Mo ní kò ní igun! Dígí yìí dára. Ó ti dára láti ọjọ́ tó ti kúrò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Irin mi ló ń fún un pa. Èmi ni mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ fún odidi ọdún kan."

Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ awò pẹ̀lú aṣọ ìrántí lára, ó na ìka, ó tẹ àpáàdì kan. Ó mì díẹ̀, ó padà jókòó.

"Ta ló kọ́ yín ní èyí?"

"Ìyá mi. Agbada ló fi kọ́ mi."

A wá yí awò sí Máàsì. Ayé pupa kan ló wà níbẹ̀, roboto, ojú rẹ̀ ní àbàwọ́n dúdú díẹ̀, ohun funfun kan sì wà ní téńté orí rẹ̀. Ọlálérè ni mo kọ́kọ́ pè. Ó fi ojú sí i, kò sì fẹ́ kúrò.

"Màmá," ó ní, bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. "Ó dé fìlà."

Àwọn aládùúgbò ti ń wọlé, wọ́n tò láti ẹnu ọ̀nà dé orí yanrìn. Gbàdàmọ́sí wà níbẹ̀, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé òun lòun ṣe irin tó ń mì, pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀, tó jọ òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù, sọ̀kalẹ̀ láti orí àpótí, ó ní, "Ta ló ṣe gíláàsì yìí? Òyìnbó ni?"

Ọlálérè ló dá a lóhùn kí n tó lanu. "Bàbá mi ni. Bàbá Dúrọ́ọ̀mù. Èmi ọmọ rẹ̀ rèé."


Ọjọ́ Àìkú, 15 Ọ́gọ́ọ́sì

Ọ̀gbẹ́ni Akínwùmí wá lẹ́yìn ìsìn. Ó ní kí n fún òun ní irin àtijọ́ náà, kí òun lọ sọ ọ́ sí ọ̀sà, kí ojú òun má rí i mọ́. Mo ní ó ti pẹ́ jù. Mo mú un lọ sí ilé ìdáná. Mo ti dojú irin náà dé, èékánná rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ẹsẹ̀, ìkòkò ẹ̀wà sì wà lórí rẹ̀, ó ń hó.

Ó wò ó. Ó yí ìkòkò náà ká díẹ̀, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi pé kí a máa yí i. Kò dà sí apá kankan.

"Irin yín dára," mo ní. "Ìkòkò ni ẹ ṣe é fún, ẹ kò kàn mọ̀."

Ó jẹ àwo ẹ̀wà méjì. Mo sì jẹ́ kó mu tíì rẹ̀ tán.

Yanrìn ṣì wà lẹ́yìn ilé. Ọlálérè ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń fi ṣọ́bìrì tẹ́ ẹ sí ibi tí awò yóò máa dúró. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́jú.